Ọmọ oṣù méje ń yàgbẹ́ omi, ara ẹ̀ ń gbóná, màmá ọkọ mi ní eyín ni

MamaTọ́mi_Kubwa:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá ṣì lajú sílẹ̀ kó dá mi lóhùn. Tọ́mi mi ti pé oṣù méje, látàná ló ti ń yàgbẹ́, kì í ṣe ìgbẹ́ tó ki rárá o, omi lásán ni, ó ń rùn, ó sì láwọ̀ ewé díẹ̀, ara ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nírọ̀lẹ́ yìí. Màmá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ìkìrun, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀ pé eyín ló ń hù, pé gbogbo ọmọ táwọn bí ló yàgbẹ́ kí eyín tó yọ, kí n lọ ra oògùn eyín ní kẹ́míìsì kí n sì fi àdín pa á lára. Mo wo ẹnu ẹ̀, èrìgì ìsàlẹ̀ wú lóòótọ́, itọ́ ń dà, gbogbo nǹkan tó bá ti rí ló ń kì bọ ẹnu. Ọyàn ò mu tó ti tẹ́lẹ̀. Ooru Kubwa yìí náà ò jẹ́ ká gbádùn, a ò ríná látàárọ̀. Oògùn eyín wo ló dáa ẹ jọ̀ọ́, àbí kí n gbé e lọ ọsibítù?

IyaIbeji_Lugbe:
Eyín ni jàre, má da ara ẹ láàmú. Àwọn ìbejì mi ò yọ eyín kankan láìyàgbẹ́. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, gbọ́ ti màmá. Fi ìka tó mọ́ ra èrìgì ẹ̀, tí eyín yẹn bá ti yọ tán ìgbẹ́ á dá fúnra ẹ̀. Oògùn eyín kan wà tí mo rà ní Wúsè nígbà yẹn, ó ṣiṣẹ́ gan-an, mo ti gbàgbé orúkọ ẹ̀ ni.

NọọsiLáráGarki:
MamaTọ́mi, ẹ dákun, kẹ́ ẹ tó ra nǹkankan ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti yàgbẹ́ lónìí? Ìgbà wo ló tọ̀ gbẹ̀yìn? Tó bá ń sunkún ṣé omijé ń jáde? Ẹ fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ẹ̀ nígbà tí kò bá sunkún, ibi tó ń lù kìkì láàárín orí yẹn, ṣé ó jìn wọnú? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀? Ṣé ó ń bì? Ẹ sì bá mi fi tẹmómítà wọn ara ẹ̀, tẹ́ ò bá ní, kẹ́míìsì ń tà á. Ẹ má fi ẹ̀yìn ọwọ́ díwọ̀n o, nínú ooru báyìí gbogbo wa lara wa ń gbóná.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tí mo ń sọ ní kíníìkì títí ẹnu fi ń ro mí. Eyín kì í ṣe àìsàn. Ó lè jẹ́ kí èrìgì wú, kí itọ́ máa dà, kí ọmọ máa kùn, kó má sùn dáadáa, ara ẹ̀ sì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gbé ara ọmọ lọ sí 38 sókè, kì í sì í mú ọmọ yàgbẹ́ omi. Àsìkò wọn ló jọ ń bọ́ síra wọn. Bíi oṣù mẹ́fà ni eyín iwájú ìsàlẹ̀ sábà máa ń yọ, oṣù mẹ́fà yẹn náà la ń bẹ̀rẹ̀ ògì àti ṣíbí, ìgbà yẹn náà ló ń rákò tó ń gbé bàtà bàbá ẹ̀ sẹ́nu, ìgbà yẹn sì ni ààbò tó gbà lára ìyá ẹ̀ látinú oyún ń tán lọ. Kòkòrò ló wọlé, eyín la wá ń bá wí. Ọmọ tí wọ́n bá ti ní "eyín ni" fún, ṣe ni wọ́n máa fi í sílẹ̀ títí ojú ẹ̀ á fi jìn, ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láago méjì òru.

IyaIbeji_Lugbe:
Nọ́ọ̀sì ẹ má bínú o, àwọn ìyá tó tọ́ wa, tẹmómítà wo ni wọ́n fi wọn ara wa? Ṣé a kú ni?

NọọsiLáráGarki:
Àwa tá ò kú ló wà níbí tá à ń tẹ fóònù ma. Ẹ bi màmá yín léèrè iye ọmọ tí àwọn ìyá tiwọn sin, ẹ máa gbọ́ nǹkan.

OníkẹmíìsìNyanya:
Ẹ gbà mí láàyè lórí oògùn eyín yẹn. Nyanya ni mo ti ń ta oògùn, kò sọ́jọ́ tí wọn ò ní í bèèrè ẹ̀, n kì í tà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí My Pikin. Ìparí 2008 ni, oògùn eyín olómi tó ní parasitamọ́ọ̀lù nínú, wọ́n rà èròjà tí wọ́n fi ń po omi oògùn, èyí tí wọ́n tà fún wọn ti ní diethylene glycol nínú, májèlé ni, kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Àwọn ọmọ tó mu ún kàn dédé ṣíwọ́ ìtọ̀ ni. Àwọn tó kú lé ní 80 kí NAFDAC tó kó gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n sì ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é pa. Eyín ni wọ́n ní àwọn ń tọ́jú o. N ò sọ pé gbogbo oògùn eyín tó wà lórí àtẹ báyìí ló ní májèlé, ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí àìsàn tí wọ́n ń wò. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa èrìgì tó bá ní benzocaine náà, kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá.

Èrìgì tó bá ń dùn ún, ẹ mú aṣọ kékeré tó mọ́, ẹ fi omi tó ti sè tó ti tutù rin ín, ẹ fi sínú fìríìjì díẹ̀ (kì í ṣe firísà o), kó máa jẹ ẹ́. Ó parí.

Ti ìgbẹ́, ORS (ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń po mọ́ omi) àti hóró zinc ni. Kò sí Flagyl níbẹ̀, àfi tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lò ó. Kò sí oògùn adágbẹ́dúró tí àgbàlagbà ń lò, ìyẹn léwu fún ọmọ gan-an. Zinc, ọmọ tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, 20mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Èyí tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà, 10mg, ìyẹn ìlàjì hóró kan. Ẹ tú u sínú ṣíbí tẹ́ ẹ ti fún omi ọyàn díẹ̀ sí, á yọ́ fúnra ẹ̀.

BabaTiwa_Karu:
ORS yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí torí mo ti rí nǹkan ní kọ́ńpáùndì wa, èèyàn á já sashẹ́ẹ̀tì á da gbogbo ẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù kékeré kan á fomi sí i á máa fi ṣíbí fún ọmọ, iyọ̀ á wá pọ̀ ju omi lọ, dípò kó ran ọmọ lọ́wọ́ ṣe ló tún máa dá kún un. Sashẹ́ẹ̀tì kan, omi lítà kan, ó wà lára ẹ̀ ẹ kà á. Tẹ́ ò bá ní nǹkan tẹ́ ẹ fi ń wọn lítà, píọ̀ wọ́tà méjì ni, torí 50cl ni wọ́n ń kọ sára ọ̀kan. Ẹ fọ ara ọ̀rá yẹn kẹ́ ẹ tó fi eyín já a (ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi eyín já a mo mọ̀ yín), ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì tó mọ́, ẹ po ORS sí i, ẹ dé e. Tó bá ti di ọjọ́ kejì ní déédéé àsìkò tẹ́ ẹ pò ó, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn, bó ti wù kó ṣẹ́kù tó.

Tí kẹ́míìsì bá ti tì tí kò sí ORS nílé, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì, omi lítà kan náà. Ẹ tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

MamaTọ́mi_Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, ó ti yàgbẹ́ tó ẹ̀ẹ̀meje lónìí. Ó tọ̀ ní bí aago márùn-ún, kò pọ̀. Omijé ń jáde. Àwùjẹ̀ ẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó dà bíi pé ó wọnú díẹ̀ ṣùgbọ́n n ò mọ̀ bóyá bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Kò sẹ́jẹ̀. Ó bì lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí mo fún un ní ògì. Bàbá ẹ̀ ti lọ ra tẹmómítà, 38.7 ló wà.

NọọsiLáráGarki:
Ó dáa. ORS nísinsìnyí, ẹ má dúró. Ṣíbí ṣíbí ni o, ẹ má fi fídà bọ́tù fún un gbọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á bì í. Tó bá yàgbẹ́ báyìí, bíi 50 sí 100ml ni kó wọlé lẹ́yìn ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Tó bá bì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kó lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀. Ọyàn, ẹ gbé e sí i lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ọyàn ló ń dá kún ìgbẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ lára ẹ̀, kó ku pátá, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má fi àdín pa á lára nínú ooru yìí, ṣe ló máa há ooru mọ́ ọn lára.

Tí ilẹ̀ bá mọ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù tàbí PHC (ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba) tó wà nítòsí, kí wọ́n tẹ ìka ẹ̀ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún ibà. Ibà ẹ̀fọn lè mú ọmọ yàgbẹ́ kó sì bì, ẹ má dédé fún un ní oògùn ibà láìṣàyẹ̀wò. Ẹ mú káàdì àjẹsára ẹ̀ dání, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kán àjẹsára rota (kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru) sí i lẹ́nu, láti 2022 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá. Ìyẹn ò ní kí ọmọ má yàgbẹ́ mọ́ o, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù nínú ẹ̀ ló ń dènà.

Àmọ́ tó bá di pé kò mu nǹkankan mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó mu, tí ara ẹ̀ rọ̀ tí kò fẹ́ jí, tí ojú ẹ̀ jìn, tẹ́ ẹ fa awọ ikùn ẹ̀ tí kò tètè padà, tí ẹ̀jẹ̀ jáde, tàbí tí kò tọ̀ títí di òru, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ wá mọ́tò lóru náà.

AlhajaSabonGari_Kano:
Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ màmá ọkọ ni mo fẹ́ dá sí torí mo rí i pé ẹ̀yin ọmọdé ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Má bá màmá jiyàn o. Má sì sọ fún wọn pé wọ́n kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní kí ọkọ ẹ sọ pé dókítà ló ní kí wọ́n gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò, pé ẹ sì fẹ́ kí màmá náà tẹ̀ lé yín lọ. Kí wọ́n jókòó síwájú dókítà kó ṣàlàyé fún wọn fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀ tán, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á máa pàṣẹ ORS fún ẹ nílé. Ìyàwó ọmọ mi gbìyànjú ẹ̀ fún mi nígbà kan, ó jẹ mí.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwa tá a wà lókè níbí. Kánò máa ń kọjá 40 nínú oṣù kẹrin, ibi tí ìjà omi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní ọmọ oṣù méjì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kí wọ́n fún un lómi. Omi ló pọ̀ jù nínú omi ọyàn, tí ìyá bá ń mu omi tó, tó sì ń gbé ọyàn sí i lẹ́nu lemọ́lemọ́, ọmọ ò nílò omi mìíràn títí oṣù mẹ́fà. Omi tí wọ́n ń fún un yẹn ló ń gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Ìyá ọmọ ni kẹ́ ẹ fún lómi!

Ẹ̀kẹta, ooru àti eruku àsìkò yìí náà ni àsìkò sankarau, àwọn Haúsá ló ń pè é bẹ́ẹ̀, mẹninjáítísì. Àjàkálẹ̀ 1996 ò ṣeé gbàgbé fún ẹni tó bá wà ní Kánò. Ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná tí àwùjẹ̀ ẹ̀ wú síta tó le, tí ọrùn ẹ̀ gan, tó ń ké ohùn tín-ín-rín tẹ́ ẹ bá gbé e, kì í ṣe eyín, kì í ṣe ibà lásán, ẹ sáré. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ wà, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń dènà oríṣi márùn-ún lágbàáyé ní 2024. Tí wọ́n bá ní wọ́n ń gún un ládùúgbò yín ẹ gbé ọmọ jáde.

OníkẹmíìsìNyanya:
Alhaja ẹ ṣé. MamaTọ́mi, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù lóru yìí, ẹ wo ara páálí dáadáa. Dírọ́ọ̀pù wà, sírọ́ọ̀bù wà. Sírọ́ọ̀bù tó pọ̀ lọ́jà, 120 tàbí 125mg ló wà nínú 5ml. Dírọ́ọ̀pù tí wọ́n ń kán, 100mg ni ọ̀pọ̀ wọn ní nínú 1ml péré. Ẹ wá ro ìyá tó mú dírọ́ọ̀pù tó fi ṣíbí sírọ́ọ̀bù wọ̀n ọ́n, 500mg ló fi fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn o. Ìwọ̀n kílò ọmọ ni wọ́n ń lò, 10 sí 15mg fún kílò kan. Tí Tọ́mi bá jẹ́ kílò mẹ́jọ, ìyẹn 80 sí 120mg, dírọ́ọ̀pù 1ml tàbí sírọ́ọ̀bù bíi 4ml. Kí wákàtí mẹ́rin ó kéré jù wà láàárín wọn, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ibuprofen, ẹ má fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ omi.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara ẹ̀ bá dé 38, ẹ má fún un ní nǹkankan, ọsibítù ni, kò sí àríyànjiyàn.

MamaTọ́mi_Kubwa:
Ẹ káàsán ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. Ó mu ORS tó lé ní ìlàjì lítà láàárín òru, ṣíbí ṣíbí bẹ́ ẹ ṣe wí, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi. Ó tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kílẹ̀ tó mọ́. A lọ, màmá náà tẹ̀ lé wa (Alhaja ẹ̀yin lẹ́ ṣe é o). Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí ibà ẹ̀fọn. Dókítà ní kòkòrò inú ìfun ni, pé omi inú ara ẹ̀ dín kù díẹ̀ ṣùgbọ́n kò dé ibi kí wọ́n fa omi sí i lára, ká máa bá ORS lọ, zinc ọjọ́ mẹ́wàá, ká máa se ṣíbí àti abọ́ ògì ẹ̀ nínú omi gbígbóná. Màmá béèrè pé eyín ńkọ́, dókítà ní eyín ń bọ̀ ma, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Màmá rẹ́rìn-ín. Àwọn ló wà ní kíṣìnnì báyìí tí wọ́n ń ka ORS fún ọmọ ọ̀dọ̀, "píọ̀ wọ́tà méjì, má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan."

IyaIbeji_Lugbe:
Ọpẹ́ ni o. Ṣùgbọ́n tèmi náà ṣì kù síbì kan. Ọmọ àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ mi, oṣù mẹ́ta, gbogbo ọrùn àti ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti yọ wínniwínni pupa, pọ́dà ni à ń dà sí i ṣùgbọ́n ṣe ló ń pọ̀ sí i.

NọọsiLáráGarki:
Ooru ni yẹn ma. Òógùn ló há sábẹ́ awọ tí kò rí ọ̀nà jáde, ẹ wá lọ da pọ́dà dí ojú ọ̀nà tó kù. Pọ́dà yẹn pẹ̀lú òógùn máa ń di ẹrẹ̀ nínú ìṣẹ́po ọrùn, ọmọ sì lè fa ìyẹ̀fun ẹ̀ símú. Ẹ pa á tì. Ẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lóòjọ́ pẹ̀lú omi tó kàn lọ́ díẹ̀, ẹ má fi kànìnkànìn ha á, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́, aṣọ kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wọ̀. Òrí àti òróró, ẹ gbé e pamọ́ dìgbà ọyẹ́. Tí kò bá nira fún yín kalamáìnì wà. Á lọ fúnra ẹ̀. Tí ọyún bá wà lórí ẹ̀ tàbí ara ẹ̀ ń gbóná, ìyẹn yàtọ̀, ẹ gbé e wá.

ÒpeyẹmíỌmọJos:
Ẹ̀yin ooru lẹ̀ ń sọ, àwa ní Jos òtútù ló ń bá wa jà, imú ọmọ mi kì í là láti oṣù kọkànlá títí oṣù kejì. Róòbù ni mo máa ń fi pa á láyà àti imú. Nígbà míì bàbá ẹ̀ á fi ẹnu fa káta yẹn jáde, ó ní bí bàbá òun náà ṣe ṣe fún òun nìyẹn.

OníkẹmíìsìNyanya:
Ẹni ọdún mélòó? Tí kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ gbé róòbù kúrò, pàápàá nínú imú. Káńfọ̀ àti ménthol inú ẹ̀ lè fún ọ̀nà èémí ọmọ kékeré. Saline dírọ́ọ̀pù ló wà fún imú, omi oníyọ̀ lásán ni, ẹ kán an sí imú ẹ̀ kó tó mu ọyàn, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fi róbà kékeré tí wọ́n ń fi fà á fà á jáde. Ẹ sọ fún bàbá pé ẹnu ẹ̀ ní kòkòrò tiẹ̀ náà. Oògùn ikọ́ olómi, ẹ má fún ọmọ kékeré, kò ṣe é lóore kankan. Ẹ ka bó ṣe ń mí: tó bá ń mí lémọ́lémọ́ tí ìhà ẹ̀ ń wọlé, tàbí tó ń kùn tó bá ń mí, nimóníà ni kẹ́ ẹ rò.

Káńfọ̀ tún rán mi létí o. Àwọn róbótó funfun tẹ́ ẹ ń pè ní káńfọ̀ tẹ́ ẹ ń jù sáàárín aṣọ ọmọ tuntun kí ìdun má bàa jẹ ẹ́, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dà nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ọkùnrin ló pọ̀ jù, ló ní G6PD (èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) tó kéré nínú ẹ̀jẹ̀, òórùn nǹkan yẹn lásán lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ojú ẹ̀ á pọ́n bí ata rodo aláwọ̀ yẹ́lò, ó sì lè dé ọpọlọ. Ojú ọmọ tuntun tó bá ń pọ́n, oòrùn àárọ̀ àti glúkóòsì kò wò ó sàn, ọsibítù ló ní iná tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀.

DàdàNíKaduna:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọlọ́dún méjì ń wúkọ́ tó sì ń dun ún tó bá ń gbé oúnjẹ mì, aládùúgbò wa ní bélubélu ẹ̀ ló gùn, pé kí n pe wanzami (onígbàjámọ̀ àwọn Haúsá) kó wá gé e, pé gbogbo ọmọ òun ló gé e fún ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. N ò fẹ́ ṣe é ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń bẹ̀rù.

AlhajaSabonGari_Kano:
Má jẹ́ kó fi abẹ kan ọmọ ẹ o! Mo ti gbé Kánò dàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tá a jọ ń gbé, nǹkan púpọ̀ ni wọ́n fi sàn jù wá lọ, ṣùgbọ́n èyí rárá. Ẹran kékeré tó so kọ́ lọ́fun yẹn, ibi tí Ọlọ́run fi sí náà nìyẹn, òun kọ́ ló ń fa ikọ́. Abẹ kan náà ló ń lò fún ọmọ mẹ́wàá, ọmọ á ṣẹ̀jẹ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì lè wọlé. Àti tìróò náà, tí wọ́n ń lé sójú ọmọ tuntun kójú ẹ̀ lè tóbi, kwalli lórúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwa Yorùbá náà ń lé e, òjé ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ọpọlọ ọmọ ló ń lọ. Lọ ọsibítù kí wọ́n wo ọ̀fun ẹ̀, ó lè jẹ́ tọ́ńsùlù tó nílò oògùn.

BabaTiwa_Karu:
Wọ́n á tún ní gìrì. Tí ara ọmọ bá gbóná tó bá gbọ̀n, wọ́n á gbé àgbo tábà tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù rẹ dà sí i lẹ́nu, wọ́n á ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ súnmọ́ iná. Nọ́ọ̀sì ẹ bá wa sọ eléyìí.

NọọsiLáráGarki:
Ìtọ̀ màlúù yẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ìdákú tẹ́ ẹ ń rí lẹ́yìn ẹ̀, òun ló fà á, kì í ṣe gìrì. Ẹ fi ọmọ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ gbé ohun líle kúrò nítòsí orí ẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn ẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan, kódà omi, sí i lẹ́nu. Ẹ wo aago. Ọ̀pọ̀ máa ń dá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó dá o, bó ò dá o, ẹ gbé e lọ ọsibítù, torí ibà ẹ̀fọn tó ti gun orí lè wá bí gìrì. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ bó ṣe ń gbọ̀n yẹn.

MamaTọ́mi_Kubwa:
Ìbéèrè kan péré, ìgbẹ́ Tọ́mi ti ń ki, ara ẹ̀ ti tutù. Ṣé kí n dá zinc dúró? Màmá ní kò nílò ẹ̀ mọ́.

OníkẹmíìsìNyanya:
Ẹ má dá a dúró. ORS lẹ lè fi sílẹ̀ tí ìgbẹ́ bá ti dá. Zinc, ẹ lò ó tó ọjọ́ mẹ́wàá pé, bó ti wù kí ara ẹ̀ yá tó, torí ìfun ẹ̀ ṣì ń tún ara ẹ̀ ṣe, ó sì máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ mìíràn pẹ́ kó tó padà wá. Tí ẹnu ẹ̀ bá ń kọ̀ ọ́, ẹ po ó mọ́ omi ọyàn, ẹ má pò ó mọ́ ògì púpọ̀ kó má bàa ṣẹ́kù sínú abọ́.

MamaTọ́mi_Kubwa:
Mo gbọ́. Màmá ní kí n bá àwọn kí yín.